Onílù Alágbàṣe: Ìtàn Tony Ọládìpọ̀ Allen àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Ará Àjò

  

Nínú ìwé ọdọọdún wa, ìtàn ìlú, ìtàn ọba, àti ìtàn àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé Treichville ni a sábà máa ń kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn onílù kan ni a fẹ́ kọ. Ohun tó fà á ni pé ẹjọ́ tí àwọn òbí ń gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti yí padà. Láyé ọjọ́un, ẹjọ́ ẹrù ọjà, ẹjọ́ owó ilé àti ẹjọ́ tọkọtaya ló pọ̀. Ní báyìí, bàbá á mú ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún wá, á ní ọmọ náà kò fẹ́ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìlù ló ní òun fẹ́ máa lù. Ọmọ á ní òun ń bá àwọn olórin lu ìlù ní Yopougon àti ní Marcory, wọ́n sì ń san owó fún òun. Bàbá á bi í pé, "Èló ni? Ìwé rẹ̀ dà?" Ibẹ̀ ni ọmọ á ti dákẹ́.

Ìbéèrè bàbá yẹn dára. A fẹ́ fi ìgbésí ayé ọmọ Yorùbá kan tí gbogbo ayé mọ̀ dáhùn rẹ̀. Tony Ọládìpọ̀ Allen ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ka ìtàn yìí tán, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ gidi ni ìlù lílù, pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lè gbé ènìyàn láti Èkó dé òpin ayé. Ẹ ó sì tún rí i pé alágbàṣe tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa kórè oko tó ro.

KÍ NI ONÍLÙ ALÁGBÀṢE?

Nílé wa, ìdílé Àyàn ló ni ìlù. Àyàndélé, Àyànwálé, Àyàntúndé, bí a bá ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, a mọ ilé tí ẹni náà ti jáde. Ọmọ Àyàn kì í lọ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àjèjì, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù òyìnbó tí à ń pè ní dírọ́ọ̀mù dé, tí orin háíláìfù sì gba ìlú, irú onílù mìíràn yọjú. Ẹni yìí lè má ti ìdílé Àyàn wá. Ọwọ́ rẹ̀ àti etí rẹ̀ nìkan ni ogún rẹ̀.

Irú onílù bẹ́ẹ̀ pín sí méjì. Èkíní wà lábẹ́ ọ̀gá kan, ẹgbẹ́ orin kan ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Èkejì ni alágbàṣe. Gbogbo wa tí a ti ṣe oko rí la mọ alágbàṣe. Olóko á pè é, á fi iye ebè hàn án, wọ́n á jọ ná an, á kọ ebè, á gba owó rẹ̀, á lọ. Nígbà tí iṣu bá ta, iṣu olóko ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni onílù alágbàṣe. Olórin tó fẹ́ ṣe àwo orin á pè é wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, ìyẹn sítúdíò. Á fetí sí orin náà, á mọ ibi tí ìlù ti yẹ kó wọlé àti ibi tó ti yẹ kó dákẹ́, á lù ú, á gba owó ọjọ́ náà. Bí olórin bá ń lọ ṣeré láti ìlú dé ìlú, ó tún lè pè é kó bá òun lọ. Nígbà tí àwo bá jáde, àwòrán olórin ló wà níwájú. Orúkọ onílù lè wà lẹ́yìn ní lẹ́tà wíwẹ́wẹ́, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Tony Allen ṣe irú méjèèjì. Ó bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ó di alágbàṣe tí àwọn olórin káàkiri ayé ń wá. Ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi kún fún ẹ̀kọ́.

ỌMỌ LAFIAJI

Ọdún 1940 ni wọ́n bí i sí Èkó, Lafiaji ní Erékùṣù Èkó ló sì dàgbà sí. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń ta gìtá nílé fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ghana ni ìdílé ìyá rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ fún ará Ghana tàbí ará Côte d'Ivoire, ẹ rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wà. Ó máa ń gbọ́ orin ìlú méjì nínú ilé kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dírọ́ọ̀mù, ó sì ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́: kò fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó mọ ìlù. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìlù nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kò sí ilé ìwé tó lọ fún un. Àwo orin ni olùkọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, ó sì ń gbọ́ Guy Warren ti Ghana, ẹni tó padà sọ ara rẹ̀ ní Kofi Ghanaba. Nínú ìwé ìròyìn orin kan ló ti ka ohun tí Max Roach sọ nípa àwo idẹ méjì tí onílù máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hi-hat. Ó wo àwọn onílù Èkó ìgbà náà, ó rí i pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò sì kà á sí. Ó wá fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ́ ọ títí ẹsẹ̀ náà fi ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ orin Victor Ọláìyá, Cool Cats, wọn kò fún un ní dírọ́ọ̀mù. Igi kékeré méjì tí wọ́n máa ń gbá pọ̀ kí orin má bàa ṣìnà ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó gbà á. Ìgbà tí onílù ẹgbẹ́ náà lọ ni wọ́n tó ní kó jókòó nídìí ìlù. Láti ibẹ̀ ó bá ẹgbẹ́ Agu Norris ṣiṣẹ́, ó bá Nigerian Messengers ṣe, ó sì bá Western Toppers ṣe. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ìlànà Ọláìyá, ìlànà jáàsì, ìlànà Ghana, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

ÈNÌYÀN KAN, ÌLÙ MẸ́RIN

Ní 1964, Fẹlá ti ti London dé, ó sì ń wá onílù tó lè lu jáàsì àti háíláìfù pọ̀. Wọ́n mú Tony Allen lọ bá a. Nígbà tó lù ú tán, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Koola Lobitos, ẹgbẹ́ yẹn ló sì di Africa 70 níkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe fún ẹni tí kò wò ó rí. Ẹ rántí ẹgbẹ́ dùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ jù. Gúdúgúdú kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ohùn kan náà ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ìyáàlù á ṣìnà. Kẹríkẹrì ń dáhùn, ìṣáájú ń ti ọ̀rọ̀ lọ síwájú. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ṣe gbogbo èyí. Tony Allen nìkan á jókòó nídìí dírọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ìlù ńlá, ẹsẹ̀ òsì lórí àwo idẹ, ọwọ́ kan ń rìn bí gúdúgúdú, ọwọ́ kejì ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í kọlu ara wọn. Kì í lu ìlù bí ẹni ń jà. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, apá rẹ̀ kì í fò sókè, òógùn kì í bò ó bí ẹni ń gún iyán. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó kan á sì gùn tó wákàtí mélòó kan, nítorí orin Fẹlá kan ṣoṣo lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n.

Fẹlá ló máa ń kọ ohun tí àwọn onífèrè àti onígìtá yóò ta, á kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún wọn. Tony Allen nìkan ni kì í kọ nǹkan fún. Á kan jẹ́ kó gbọ́ orin, Tony á sì wá ìlù tó bá a mu láti inú orí ara rẹ̀. Ìlù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Afrobeat lónìí, inú orí Tony Allen àti lára ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó ní bí kò bá sí Tony Allen, Afrobeat kò ní sí.

ỌDÚN 1969

Ọdún yìí ṣe pàtàkì fún àwa ará àjò. Ẹ̀yin àgbà wa rántí 1969 dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò àti Ìwó fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan sì kọrí sí Àbíjàn níbí.

Ní ọdún kan náà, Fẹlá kó Tony Allen àti ẹgbẹ́ wọn lọ sí Amẹ́ríkà fún eré. Eré kò lọ bí wọ́n ti rò. Owó tán, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wọn parí, wọ́n sì há sí Los Angeles, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ní ilé fàájì láìní ìwé iṣẹ́. Ìbẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè kò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Fẹlá ti pàdé Sandra Izsadore, ẹni tó la ojú rẹ̀ sí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n sáré gba orin mélòó kan sílẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé ní 1970. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó dùn tó tí ìwé kò ní í kàn án. Oníṣòwò ní Kumasi àti onílù ní Los Angeles, ọ̀rọ̀ ìwé ló dé bá àwọn méjèèjì ní ọdún kan náà.

TA LÓ NI IṢU?

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Èkó ni òkìkí Africa 70 kàn. Tony Allen ni olórí àwọn afọnfèrè, onígìtá àti onílù ẹgbẹ́ náà. Àwo orin tó lé ní ọgbọ̀n ló bá Fẹlá lu ìlù sí. Nígbà tí Ginger Baker, gbajúmọ̀ onílù òyìnbó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó, òun àti Tony jọ jókòó sídìí ìlù. Fẹlá tún ṣe àwọn àwo tó jẹ́ ti Tony fúnra rẹ̀, tí ẹgbẹ́ náà sì bá a gbà á sílẹ̀: Jealousy ní 1975, Progress ní 1977, No Accommodation for Lagos ní 1979. Ní 1977 kan náà ni àwọn ṣọ́jà jó ilé Fẹlá, Kalakuta, ní Èkó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni owó. Òfin orin láyé mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó hun ohùn orin. Àwọn yẹn ló ni orin. Ìlù, bó ti wù kó dára tó, wọn kì í sábà kà á sí ohun tí a kọ. Nítorí náà orúkọ Fẹlá ló wà lórí gbogbo orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Owó iṣẹ́ ni Tony ń gbà, kò sí ìpín fún un nínú èrè àwo tí wọ́n ń tà lọ ní ọdún dé ọdún. Ó bèèrè, ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà sí Berlin ní 1978, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Fẹlá sílẹ̀. Ní 1979 Tony náà lọ. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí òun àti Michael Veal jọ ṣe, tó jáde ní 2013, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ owó àti èrò rẹpẹtẹ tó yí Fẹlá ká ló sú òun.

A kò kọ èyí láti ba Fẹlá jẹ́. Akíkanjú ni, ó sì jìyà fún ohun tó gbàgbọ́. Tony pàápàá kò dẹ́kun láti yìn ín. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni wá, a mọ ohun tó ń jẹ́ àjọṣe tí a kò kọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì á jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà, ọ̀kan ló ni owó, ọ̀kan ló mọ ọjà rà. Nígbà tí ọjà kò tíì tà, ìfẹ́ wà. Ọjọ́ tí ọjà bá tà ni ìbéèrè dé. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn ló yẹ kí á ti kọ ìwé.

ÌGBÀ TÓ DI ALÁGBÀṢE

Ọkùnrin tó ti tó ẹni ogójì ọdún, tó tún ní kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò rọrùn. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó yá, ó lọ sí London ní 1984. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àgbàṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ó lu ìlù nínú àwo Aura tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún náà. Ó ṣe àwo tirẹ̀ tó pè ní N.E.P.A., èyí tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ iná mànàmáná ilé wa tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Paris, Courbevoie nítòsí ibẹ̀ ló sì fi ṣe ibùgbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pin.

Ẹ wo irú àwọn tó pè é. Sébastien Tellier, ọmọ Faransé, pè é fún orin La Ritournelle ní 2004. Charlotte Gainsbourg pè é fún àwo rẹ̀ ní 2006. Damon Albarn ti ẹgbẹ́ Blur dárúkọ rẹ̀ nínú orin wọn kan ní 2000, ó wá bá a kọrin nínú àwo Home Cooking ní 2002, nígbà tó sì di 2007 àwọn méjèèjì pẹ̀lú Paul Simonon àti Simon Tong gbé àwo The Good, the Bad and the Queen jáde. Oumou Sangaré ti Mali, tí gbogbo ọjà Adjamé mọ̀, pè é fún àwo Mogoya ní 2017. Jeff Mills tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ní Amẹ́ríkà bá a ṣiṣẹ́ ní 2018. Òun àti Hugh Masekela ti Gúúsù Áfíríkà jọ gba orin sílẹ̀ ní 2010, àwo náà sì jáde ní 2020 lẹ́yìn ikú Masekela. Brian Eno, ọ̀gá nínú iṣẹ́ sítúdíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Tony Allen ni onílù tó dára jù lọ tó tíì wà láyé.

Kí ló fà á tí oríṣiríṣi ènìyàn báyìí fi ń wá ọmọ Lafiaji? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ó ní ohùn tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìlù rẹ̀ nínú orin Faransé, ẹ ó mọ̀ pé òun ni. Ìdí kejì ni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń gba àyè fún ẹlòmíràn. Kì í fi ìlù bo ẹnu olórin. Ìdí kẹta, kò dúró sí ibi tí òkìkí Africa 70 bá a dé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni nígbà tó ṣe àwo jáàsì The Source fún ilé iṣẹ́ Blue Note ní 2017, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo Art Blakey jáde nígbà tí Tony ṣì ń kọ́ ìlù ní Èkó. Kò sì gbàgbé ilé. Èkó ló ti lọ gba Lagos No Shaking sílẹ̀, àwo tó jáde ní 2006, ó sì pe baba wa Fatai Rolling Dollar, tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé nígbà náà, kó wá kọrin nínú rẹ̀.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá, orúkọ rẹ̀ ni ó fi ń gbé àwo jáde léraléra. Iṣẹ́ àgbàṣe ń bọ́ ilé, àwo tirẹ̀ sì ni oko tirẹ̀. Alágbàṣe tó gbọ́n a máa dá oko díẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

ÀBÍJÀN TIWA Ń KỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Èkó àti Paris nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àbíjàn wà lára ìlú tí iṣẹ́ sítúdíò ti gbilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Manu Dibango, ọmọ Cameroon, ló darí ẹgbẹ́ orin rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Côte d'Ivoire láti 1975 sí 1979. Ní 1978, Salif Keita àti Les Ambassadeurs kúrò ní Bamako wá jókòó síbí, ibí ni òkìkí orin Mandjou sì ti tàn. Nígbà tó yá, sítúdíò JBZ ti Jacques Bizollon di ibi tí àwọn olórin ń ti ìlú òkèèrè wá. Gbogbo àwo wọ̀nyẹn nílò ẹni tí yóò lu ìlù sí i.

Ọmọ ilẹ̀ yìí kan náà tún wà tí ọ̀nà rẹ̀ jọ ti Tony Allen. Paco Sery ni orúkọ rẹ̀, Divo ni wọ́n bí i sí ní 1956. Àbíjàn ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ kó tó lọ sí Paris. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Sixun sílẹ̀ ní 1984, ó sì bá Joe Zawinul lọ ṣeré yí ayé ká. Nítorí náà, ọmọ wa tó bá ní òun fẹ́ jẹ́ onílù ní Àbíjàn kò sọ ohun tí kò sí.

OHUN TÍ ÒFIN TI ṢE

Láti 1961 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Róòmù, pé ẹni tó kọrin tàbí tó lu ìlù sí inú àwo náà ní ẹ̀tọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló kọ orin náà. Ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ di òfin ní oṣù keje 1985. Láti ìgbà náà, bí rédíò bá lo àwo ọjà, owó wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ san, tí wọ́n ń pín sí ọgbọọgba láàárín àwọn tó ṣeré nínú àwo náà àti ẹni tó ná owó sí i. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Spedidam, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba owó fún irú àwọn alágbàṣe tí orúkọ wọn kì í hàn níwájú àwo.

Níbí, ìjọba dá BURIDA sílẹ̀ ní 1981 láti máa bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kọ orin. Òfin 1996 wá dárúkọ àwọn tó ń kọrin àti àwọn tó ń ta ohun èlò orin pẹ̀lú, òfin 2016 sì ti rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni pé onílù kì í ṣe ẹni tó kàn ń gba owó àṣálẹ́ mọ́, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé iṣẹ́ tó ṣe. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé, òfin kò mọ̀ ọ́n. Bí Tony Allen ṣe bá Fẹlá ṣiṣẹ́ láìsí ìwé ìpín kì í ṣe ohun tó yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa lónìí.

ÌMỌ̀RÀN ẸGBẸ́

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ìlù lòun fẹ́, ẹ má lé e jáde. Ẹ bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ẹ ní kó lu ìlù kí ẹ gbọ́. Ẹ bi í bóyá ó ń jí kọ́ ọ lójoojúmọ́, tàbí aṣọ àti ariwo òru ló ń fà á. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹ fún un ní àkókò gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń fún ẹni tó ń kọ́ télọ̀. Ẹ rántí pé mẹkáníìkì tó bí Tony Allen kò mọ̀ pé orúkọ ilé òun ni ọmọ náà ń gbé lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀ kí ọwọ́ yín tó dá ṣáká. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbá igi méjì, ẹ gbá a. Bí wọ́n bá pè yín sí sítúdíò, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ orin, orúkọ olórin àti iye tí wọ́n san sínú ìwé kan, kí ẹ sì ní kí ẹni tó pè yín fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè bí orúkọ yín yóò ṣe wà lórí àwo. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní BURIDA. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa yóò ran ẹni tí kò bá mọ Faransé kọ dáadáa lọ́wọ́, ẹ wá bá a ní ọjọ́ ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan gbogbo wa tí a ń ṣe ìnáwó. Nígbà ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú ṣíṣe, à ń pe onílù. A máa ń ná owó lé aṣọ, a ń ná owó lé oúnjẹ, tí ó bá wá kan onílù, a ó ní kó máa retí èyí tí àwọn àlejò bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Èyí kò dára. Owó ìlẹ̀mọ́ra jẹ́ ọrẹ, kì í ṣe owó iṣẹ́. Kí a ná iṣẹ́ pẹ̀lú onílù ṣáájú ọjọ́, kí a sì san án tán kí ó tó palẹ̀ ìlù mọ́. Bí àwa fúnra wa kò bá bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọmọ wa, àjèjì kò ní bá wa bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin 2020, Tony Ọládìpọ̀ Allen dákẹ́ ní Paris. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Oṣù kan àti díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni Manu Dibango lọ, ní Faransé náà. Àkókò àrùn kòrónà ni, àwọn ènìyàn kò lè péjọ bó ti yẹ láti sìn wọ́n. Títí tó fi kú ló ń ṣiṣẹ́, àwo tó ń ṣe lọ́wọ́ sì jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2021. There Is No End ni wọ́n pe àwo náà, ìyẹn ni pé òpin kò sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa máa jẹ́ tiwa, kí orúkọ wa má sọnù lára ohun tí a fi òógùn ṣe. Àwọn ọmọ wa yóò ju wá lọ. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé o. Ire o.